Táíwò ń họra, Kẹ́hìndé ń sùn: níbo ni ẹ́kísímà ọmọ yìí ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. London ni a ń gbé. Mo bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n ti pé oṣù 14 báyìí. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ni ara ti ń yún Táíwò, èyí ọkùnrin: ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ní ẹ̀yìn orúnkún. Dókítà wa níbí ní ẹ́kísímà ni. Ara Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ ń dán bí ẹyin. Ilé kan náà, ọṣẹ kan náà, wàrà kan náà. Ìyá ọkọ mi ní kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé àwọn, ó ní mi ò fi òrí pa ọmọ lára láti ọjọ́ ìkómọ ló fà á. Ọkọ mi ní omi ìlú òyìnbó ni. Èmi fúnra mi ní asímà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣé láti ọ̀dọ̀ mi ni, àbí láti inú omi? Mo ti yọ ẹyin àti ẹ̀pà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kò sì yí padà. (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ kú àìsùn pẹ̀lú, nítorí bí ara bá ń yún ọmọ lóru, gbogbo ilé ló ń bá a họ ọ́.

Ẹni mẹ́ta ló rojọ́ nínú lẹ́tà yín. Màmá ní àìfi òrí para ni, ọkọ yín ní omi ni, ẹ̀yin náà sì ń dá ara yín lẹ́bi lábẹ́lẹ̀ nítorí asímà. Màá gbọ́ ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù lọ ni Kẹ́hìndé tí ara rẹ̀ ń dán yẹn, òun ni màá kọ́kọ́ pè.

Ọkùnrin kan, obìnrin kan: ìyẹn ni pé ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, kì í ṣe ẹyin kan tó pín sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìbejì Yorùbá rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander, tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ ìbejì ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, rí i pé nínú 1000 ìbí ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Àwọn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá kò ju bí 4 tàbí 5 lọ nínú wọn, iye tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òyìnbó. Ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, Táíwò àti Kẹ́hìndé yín jọ gbé inú ilé ọmọ kan ni, wọn ò jọ jogún nǹkan kan náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kàn jọ dé. Inú ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n ti bù fún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan bọ́ sí ẹja, ìkejì bọ́ sí pọ̀nmọ́.

Àwọn ará Denmark ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìbejì ìlú wọn sí, wọ́n sì fi wádìí ọ̀rọ̀ ẹ́kísímà yìí ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Bí ìbejì bá jẹ́ ẹlẹ́yin kan, tí ọ̀kan ní ẹ́kísímà, nǹkan bí ìgbà 7 nínú 10 ni ìkejì náà máa ń ní in. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹlẹ́yin méjì, bíi tiyín, nǹkan bí 2 nínú 10 péré ni. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan, wọ́n jọ ń jẹun, aṣọ wọn jọ ń wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kan, síbẹ̀ 2 di 7 nígbà tí àbùdá wọn bá rí bákan náà. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń ṣe é, 7 ì bá ti di 10. Inú 3 tó kù yẹn ni omi, ọṣẹ, òtútù, eruku àti oríire wà.

Ohun tí Kẹ́hìndé wá jẹ́rìí sí nìyẹn: ilé yín àti ọṣẹ yín nìkan kọ́ ló dá ẹ́kísímà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn nìkan ni, òun náà ì bá máa họra.

Ó dáa, ṣé láti ọ̀dọ̀ yín ni? Apá kan lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Asímà, ẹ́kísímà, àti irú kátá tó máa ń mú ènìyàn sín, tí ojú á máa yún un bí eruku tàbí ìtànná igi bá fẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá lè ní asímà, kí ọmọ ní ẹ́kísímà. Bàbá lè máa sín láràárọ̀, kí ọmọ ní méjèèjì. Bí òbí kan bá ti ní ẹ́kísímà fúnra rẹ̀, ewu ọmọ a máa fò sókè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ rọra bi màmá léèrè. Mo ti gbọ́ “kò sí nínú ìdílé wa” tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bi wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n máa ń rántí àbúrò bàbá kan tí kì í lè wọ aṣọ òfì nítorí ó ń yún un, tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n máa ń sọ pé “ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dáa.” Ènìyàn sì lè gbé jíìnì rẹ̀ (àbùdá tí òbí ń fún ọmọ) láti ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó má họra lọ́jọ́ kan, kí ó wá gbé e fún ọmọ.

Kí ni ọmọ ń jogún gan-an? Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mi ò tíì rí ìwé ìṣègùn tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri ni awọ ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, àwọn ọ̀rá kan ni sìmẹ́ńtì tó so wọ́n pọ̀. Ara tún ń ṣe èròjà kan, filaggrin, tó ń fún àwọn búlọ́ọ̀kù náà pọ̀ kí wọ́n lè le; lẹ́yìn náà, èròjà yìí á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á wá máa di omi mú sínú awọ kí ó má baà gbẹ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ tí Irwin McLean darí ní Dundee, ní Scotland, fi hàn pé àwọn tí jíìnì filaggrin wọn bà jẹ́ ni ẹ́kísímà tètè ń mú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 10 ní Yúróòpù ló gbé irú jíìnì bẹ́ẹ̀. Ògiri wọn ti lanu láti ilé ayé wá.

Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara. Ara àwọn ọmọ kan ti jogún ẹ̀ṣọ́ tó yára bínú: eruku díẹ̀ gba ẹnu ògiri wọlé, wọ́n á fun fèrè ogun. Àwọn ońṣẹ́ tí wọ́n ń rán kiri, interleukin-4 àti interleukin-13, ló ń mú kí ara wú kí ó sì máa yún, wọ́n sì tún ń dín iṣẹ́ filaggrin kù pàápàá. Ọmọ á họ ọ́, ògiri á tún ya sí i, eruku míì á wọlé. Ẹ̀rí pé òótọ́ ni èyí ni abẹ́rẹ́ dupilumab, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn ońṣẹ́ méjì yìí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní 2017, ó sì di 2022 kí wọ́n tó gbà á fún ọmọ tó ti pé oṣù 6, fún àwọn tí tiwọn le gan-an. Mi ò sọ pé kí ẹ lọ béèrè rẹ̀ fún Táíwò. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe kò tíì dé ibẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ jíìnì yìí. Nígbà tí wọ́n wá filaggrin tó bà jẹ́ lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ́kísímà, lára àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ará Ethiopia, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, jíìnì aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ filaggrin-2 ni wọ́n rí pé ó máa ń mú kí ẹ́kísímà pẹ́ lára. Ara òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀, wọ́n kàn wá gbé e wọ̀ wá bí aṣọ àyálò. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín láti yẹ jíìnì Táíwò wò, ẹ má san án. Èsì rẹ̀ kò ní yí ìtọ́jú rẹ̀ padà.

Ó kan ọkọ yín. Kò ṣì sọ pátápátá. Ní àwọn ọdún 1990, dókítà awọ ara kan, Hywel Williams, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ ilé ìwé ní London. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Caribbean wá, tí wọ́n bí sí London, ní ẹ́kísímà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n wá fi ìlànà kan náà wo àwọn ọmọ ní Kingston, ní Jamaica, iye tó ní in níbẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn ìbátan wọn ní London. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìlú ọ̀tọ̀. Ìlú ń dá sí i.

Ṣùgbọ́n kí ó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì àtiwálé. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1999, láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14, Albania ló kéré jù, kò tó ẹnì kan nínú 100. Orílẹ̀-èdè tó wà lókè pátápátá, pẹ̀lú ohun tó lé ní 17 nínú 100, ni Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ka iye yẹn. Mi ò ní gbé gbogbo ìdájọ́ lé e lórí, nítorí ìwé ìbéèrè ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà, wọn ò yẹ ara wọn wò, kúrúnà àti oríṣiríṣi ara yíyún sì lè kó sínú rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ooru àti òógùn Èkó ń tanná ran ti ọmọ kan bí òtútù London ṣe ń ṣe fún ọmọ míì.

Kí ló wà ní London? Omi ibẹ̀ ń gba inú òkúta ẹfun kọjá, ìdí nìyẹn tí nǹkan funfun fi ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yín. Ìwádìí kan ní agbègbè Nottingham ní 1998 rí i pé ẹ́kísímà pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ti le bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ọkọ yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń rọ omi sí ilé àwọn ọmọ tó ti ní in, tí wọ́n pín ọmọ 336 sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12, kò sí ìyàtọ̀ kankan. 2011 ni èsì náà jáde. Ẹ má ra ẹ̀rọ. Ọṣẹ ló ń bá omi yẹn pa ìmọ̀ pọ̀: omi líle kì í jẹ́ kí ọṣẹ ṣàn kúrò lára tán. Awọ ara fẹ́ràn kíkan díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pH jẹ́ nǹkan bí 5; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni kíkan náà ń dín kù. Ọṣẹ gidi, títí kan ọṣẹ dúdú wa tí a fẹ́ràn, máa ń wà ní 9 tàbí 10. Ọṣẹ apakòkòrò burú jù. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló tún wá kù. Ẹ̀yin ẹ rántí bí ètè ṣe ń ya nígbà ọyẹ́? Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe nìyẹn láti oṣù October títí di March: ẹ ti mú ọyẹ́ wọ yàrá ọmọ. Ẹ dín in kù lóru, kí ẹ má fi aṣọ onírun bo Táíwò lára tààrà, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nínú ilé.

Ìwẹ̀ náà nìyí. Mo mọ bí àwọn màmá wa ṣe ń wẹ ọmọ: omi gbígbóná, kànìnkànìn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí ara yóò fi dán. Fún Kẹ́hìndé, kò burú. Fún Táíwò, ògiri tó ti lanu ni a tún ń ha. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú 5 sí 10, kò sí kànìnkànìn, ìpara tí kò lóòórùn dípò ọṣẹ, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí ẹ má nù ún. Kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀ ni kí ẹ ti pa ìpara fún un, kí ẹ pa á kó pọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá dáa pàápàá.

Ẹ̀sùn màmá wá dà bí ẹni pé ó rí ẹsẹ̀ dúró. Ó ṣe tán, mo ní kí ẹ máa pa ìpara. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán ẹ̀sùn rẹ̀ wò. Ní Britain, wọ́n mú ọmọ tuntun 1394 tí asímà, ẹ́kísímà tàbí kátá yẹn wà nínú ìdílé wọn. Wọ́n ní kí òbí ìdajì wọn máa pa ìpara fún ọmọ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 2, 23 nínú 100 àwọn tó pa á ní ẹ́kísímà, 25 nínú 100 àwọn tí kò pa á. Ọgbọọgba ni. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2025 rí èrè díẹ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹjọ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ kan tó lè fi ìka kàn yín pé àìfi òrí para lọ́jọ́ ìkómọ ló fà á. Ìpara ń dí ògiri tó ti ya. Ìdènà ni kò dájú.

Ẹ má sì kó òrí màmá dànù. Òrí tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí dára fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Èyí tí mi ò fẹ́ ni òróró ólífì, àní èyí tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì; ìwádìí kan ní Sheffield ní 2013 fi hàn pé ó ń tú ògiri awọ ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kàn án lórí, ó tó. Òróró ẹ̀pà náà kò gbọ́dọ̀ kan awọ tó ya, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí.

Ẹyin àti ẹ̀pà tí ẹ yọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀pà bá gba ara tó ya wọlé, tí kò gba ẹnu wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara á kà á sí ọ̀tá. Ẹnu ni ara fi ń mọ oúnjẹ ní ọ̀rẹ́. Dókítà Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, níbẹ̀ ní London yín, mú ọmọ 640 tí ẹ́kísímà wọn le tàbí tí ẹyin ń bá ara wọn jà (èyí tí wọ́n ń pè ní àlẹ́jì), láti oṣù 4 sí 11. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà, kí àwọn yòókù má fẹnu kàn án. Ní 2015, tí àwọn ọmọ náà ti pé ọdún 5, ìjà ara pẹ̀lú ẹ̀pà fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù láàárín àwọn tó jẹ ẹ́. Yíyọ oúnjẹ kúrò fún ìgbà pípẹ́ lè wá dá àìsàn tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí Táíwò bá ti jẹ ẹyin àti ẹ̀pà rí láìsí ètè wíwú, èébì tàbí ara sísú lójú ẹsẹ̀, ẹ pe dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ní ẹ fẹ́ dá wọn padà. Bí kò bá tíì jẹ wọn rí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún un. Ẹ̀pà lílọ̀ kúnná ni o. Odindi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ya fọ́tò ara rẹ̀ lóru tí ó bá le jù. Ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà kà ní “pupa” ni ẹ́kísímà. Lára dúdú, kì í sábà pọ́n: ó lè ṣókùnkùn, ó lè dà bí eérú, ó lè jẹ́ kóro-kóro bí awọ adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí wọ́n lè rò pé kò le, kí wọ́n fún yín ní oògùn tí kò tó. Ojú àpá dúdú tàbí funfun tó bá kù lẹ́yìn tó bá san, kì í ṣe oògùn ló bó o; àìsàn ló fi í sílẹ̀, ó sì ń lọ bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Mo sọ èyí nítorí ẹ̀rù kírímù sítẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń mú ara wíwú àti yíyún rọ̀) tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn wa. Èyí tí dókítà kọ, tí kò lágbára púpọ̀, bíi hydrocortisone 1%, ẹ lò ó títí ara yóò fi rọ̀, kì í ṣe ọjọ́ méjì péré. Bí ẹ bá fún un sórí ìka àgbàlagbà láti ṣóńṣó ìka dé oríkèé àkọ́kọ́, ó tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni túùbù tí ẹnì kan máa gbé wá nínú àpótí láti Èkó, tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan sàn. Sítẹ́rọ́ọ̀dù alágbára ló sábà wà nínú irú rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ oògùn kòkòrò méjì mìíràn. Á kọ́kọ́ ṣe bí idán, lẹ́yìn náà awọ ọmọ á fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Bí ara rẹ̀ bá ń ṣe oje, tí ó ń dì ní àwọ̀ òféfèé, tàbí tí ibà dé, kòkòrò ti wọlé, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ róró kéékèèké olómi tó ń dun ọmọ, tí wọ́n jọra bí ẹni fi nǹkan lu ihò sára, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ẹni tí egbò bá wà létè rẹ̀ lè kó irú róró yẹn ràn án, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ko Táíwò lẹ́nu, ìyá àgbà náà kò yọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọ̀ kí ọmọ tó bàlágà, àwọn kan sì máa ń bá a dàgbà; mi ò lè sọ èyí tí tirẹ̀ máa jẹ́. Ẹ fún ìpara àti ìwẹ̀ tuntun yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí Kẹ́hìndé bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í họra lóru láàárín ìgbà yẹn, tí ẹ̀yin àti ọkọ yín náà ń họ láàárín ìka, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ́kísímà sílẹ̀ ná. Kúrúnà ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ gbogbo ilé wò fún.